Bí Òwe, Kì Í Ṣe Òwe: Lúùtù Weiss àti Seperewa ní Legon

Bí òwe bí òwe ni à ń lu ìlù àgídìgbo. Ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í sì í mọ̀ ọ́n. Ìgbàkúùgbà tí àwọn lámèyítọ́ wa bá fẹ́ ya orin ilẹ̀ wa sọ́tọ̀ kúrò lára orin ilẹ̀ Yúróòpù, irú òwe yìí ni wọ́n máa ń fi ti ọ̀rọ̀ wọn lẹ́yìn. Wọ́n á ní ohun èlò orin tiwa ń sọ̀rọ̀, tiwọn ń dún lásán ni. Ẹni tí ó bá gbọ́ dùndún á béèrè ohun tí ó ń wí. Bí ó bá ti mọ̀ ọ́n, iṣẹ́ lámèyítọ́ parí nìyẹn. Èrò wa nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé ìlànà yìí kò tó, pé ó sì ti ń pa wá lára. Ibi tí a ó ti fi ìpalára náà hàn ni ọ̀rọ̀ seperewa, ohun èlò olókùn àwọn Akan, gẹ́gẹ́ bí a ti ń kọ́ni ní títa rẹ̀ ní Yunifásítì Ghana ní Legon, ní ìlú Accra. A ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ohun èlò olókùn mìíràn tí ó jìnnà sí i, èyíinì ni lúùtù ilẹ̀ Jámánì ní ọ̀rúndún kejìdínlógún. A kò ṣe èyí nítorí pé a fẹ́ fi Yúróòpù ṣe òṣùwọ̀n fún ẹnikẹ́ni. A ṣe é nítorí pé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí èkínní lè kọ́ wa ní ohun tí ó lè ṣẹlẹ̀ sí èkejì.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀ òkèèrè. Silvius Leopold Weiss jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Silesia, tí ọ̀pọ̀ rẹ̀ wà lábẹ́ orílẹ̀-èdè Poland lónìí. Láti ọdún 1718 títí ó fi kú ní 1750, ààfin ọba ní Dresden ni ó ti ń ṣiṣẹ́. Àwọn iṣẹ́ tí ó fi sílẹ̀ fún lúùtù nìkan tó nǹkan bí 600, ó sì to ọ̀pọ̀ nínú wọn jọ sí ohun tí ó pè ní sónátà. Sónátà bẹ́ẹ̀ jẹ́ àkójọ ijó: allemande, courante, bourrée, sarabande, menuet, gigue. Orúkọ ijó ni gbogbo wọn ń jẹ́, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kì í dìde jó wọn. Ẹnì kan ṣoṣo ni yóò jókòó, tí yóò gbé lúùtù lé itan, ìwọ̀nba ènìyàn ni yóò sì máa tẹ́tí sí i. Lúùtù tí ó ta ní ìgbà tí ọjọ́ orí rẹ̀ gòkè ní ipa okùn 13. Ìfun ẹran ni wọ́n fi ń ṣe okùn náà, ìbejì-ìbejì ni wọ́n sì máa ń so ọ̀pọ̀ wọn. Kò sí akọrin, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ìlù tí ó ń gbè é.

Etí Yorùbá tí ó bá kọ́kọ́ bá irú orin yìí pàdé á béèrè pé: kí ni ó ń wí? Ìdáhùn tòótọ́ ni pé kò wí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí a bá fara balẹ̀, a ó rí i pé ó ń ṣe nǹkan kan. Ohùn lúùtù kì í pẹ́ kú. Bí ìka bá ti fi okùn sílẹ̀ ni ohùn náà ti ń rọlẹ̀. Atalúùtù kò lè fà á gùn bí onígòjé ti í fa tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò lè mí sí i bí afọnfèrè. Nítorí náà, kì í ta gbogbo ohùn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Yóò fọwọ́ kan okùn ìsàlẹ̀, yóò fi í sílẹ̀. Yóò gun òkè lọ mú ohùn kan, yóò tún padà wá sí àárín. Ohùn ìsàlẹ̀ ti kú kí a tó dé ìparí gbólóhùn, síbẹ̀ a ṣì ń gbọ́ ọ. Ìrántí olùgbọ́ ni ó gbé e dúró. Ìdí nìyí tí a fi lè sọ pé sónátà Weiss kò pé tán nínú ọwọ́ ẹni tí ń ta á. Inú etí ẹni tí ń gbọ́ ọ ni ó ti ń pé.

Nǹkan àjèjì kọ́ ni èyí fún ẹni tí èdè abínibí rẹ̀ jẹ́ Yorùbá. Nínú ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè, a mọ̀ pé bí a bá pa fáwẹ́lì kan jẹ, ohùn orí rẹ̀ lè má bá a lọ. Wá ọkọ́ di wọ́kọ́. Wá ẹ̀kọ́ di wẹ́kọ́. Àmì ohùn òkè méjì-méjì ni a kọ sórí wọn. Ṣùgbọ́n nínú wọ́kọ́, ohùn òkè méjèèjì wà ní ìpele kan náà, nígbà tí ó jẹ́ pé nínú wẹ́kọ́, ohùn òkè kejì rẹlẹ̀ díẹ̀ sí ti àkọ́kọ́. Kí ni ó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀? Ohùn ìsàlẹ̀ tí ó wà lórí ẹ̀ nínú ẹ̀kọ́ ni. Ẹnikẹ́ni kò pè é mọ́, síbẹ̀ a mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ nípa ohun tí ó ṣe sí ẹnìkejì rẹ̀. Ọmọ Yorùbá tí kò tíì kàwé rí ń gbọ́ ìyàtọ̀ yìí lójoojúmọ́. Etí tí ó lè gbọ́ ohùn tí a kò pè kò yẹ kí ó sọ pé lúùtù ń dún lásán.

Ẹ jẹ́ kí a wá padà sí Accra. Seperewa jẹ́ àpótí igi tí a fi awọ ẹran bò lójú. Ọ̀pá gígùn kan ti ara àpótí náà jáde, afárá igi kan sì dúró gangan lórí awọ, tí okùn gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì kọjá. Ti àtijọ́ sábà máa ń ní okùn bíi 6 sí 10. Ti òde òní ń jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀rá ìpẹja ni a sì fi ń ṣe okùn rẹ̀ báyìí. Ọwọ́ òsì ń ta ẹ̀gbẹ́ kan, ọwọ́ ọ̀tún ń ta ìkejì. Àwọn tí ó ń túmọ̀ orúkọ rẹ̀ láti inú èdè Twi sọ pé ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni ó parapọ̀ di í: sọ̀rọ̀, fọwọ́ kàn, àti kékeré. Ohun kékeré tí í sọ̀rọ̀ bí a bá fọwọ́ kàn án. Àwo orin tí Osei Kwame Korankye, ẹni tí ó ti kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní títa seperewa ní Legon, bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2008 ń jẹ́ Seperewa Kasa, ìyẹn ni pé ọ̀rọ̀ ẹnu seperewa. Láti orí orúkọ ni a ti ń sọ fún wa pé ọ̀rọ̀ ni kí a wá.

Bẹ́ẹ̀ náà sì ni àwọn lámèyítọ́ ṣe ń ṣe. Bí wọ́n bá kọ nǹkan nípa atàseperewa, orin ẹnu rẹ̀ ni wọ́n máa ń yẹ̀ wò: òwe inú rẹ̀, oríkì inú rẹ̀, àwọn ọba Asante tí ó dárúkọ, ìkìlọ̀ tí ó ṣe fún aráyé. Gbogbo rẹ̀ dára. Ṣùgbọ́n kí atàseperewa tó la ẹnu, ó ti ta okùn fún ìgbà díẹ̀. Láàrin ẹsẹ orin kan sí èkejì, yóò tún dákẹ́ ẹnu, yóò fi okùn nìkan sílẹ̀. Kí ni ó ń ṣe níbẹ̀? Nínú ọ̀pọ̀ ìwé tí a kà, apá yìí kò ní ju gbólóhùn kan lọ: wọ́n á ní ó fi okùn dárà. Bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni a ti lè fi mọ àgbà yàtọ̀ sí akẹ́kọ̀ọ́. Ohùn ẹnu dídùn lè bo ìka tí kò mọ̀ ọ́n ta mọ́lẹ̀. Bí ẹnu bá dákẹ́, kò sí ìbòjú mọ́.

Bí a bá tẹ́tí sí apá yìí bí a ti ń tẹ́tí sí Weiss, ohun púpọ̀ hàn sí wa. Ohùn okùn seperewa kì í pẹ́ kú, gẹ́gẹ́ bíi ti lúùtù. Ọwọ́ méjèèjì ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ara wọn, tó bẹ́ẹ̀ tí orin náà kò sí nínú ọwọ́ òsì nìkan, tí kò sì sí nínú ọwọ́ ọ̀tún nìkan. Etí olùgbọ́ ni ó ń so wọ́n pọ̀. Àgbà atàseperewa á tún ohùn kan ta lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀mẹ́rin, títí a ó fi rò pé a ti mọ ibi tí ó ń lọ. Yóò wá yí ìka kan ṣoṣo padà, gbogbo ohun tí a ti gbọ́ sẹ́yìn á sì gba ìtumọ̀ tuntun. Ìtumọ̀ tí à ń wí yìí kì í ṣe ti ọ̀rọ̀. A kò lè kọ ọ́ sínú ìwé atúmọ̀ èdè. Síbẹ̀ ẹni tí ó bá ní kò sí ìtumọ̀ níbẹ̀ kò tíì gbọ́ seperewa.

Ohun tí ó yà wá lẹ́nu ni pé Legon fúnra rẹ̀ ni a ti fún wa ní irinṣẹ́ tí a nílò fún iṣẹ́ yìí, láti nǹkan bí ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn. J. H. Kwabena Nketia, ọmọ bíbí Mampong ní ilẹ̀ Asante, kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè ní Lọ́ńdọ̀nù kí ó tó di ògbóǹtarìgì nínú ìmọ̀ orin. Nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde lórí ìlù àwọn Akan ní 1963, ó pín ọ̀nà ìlùlù sí mẹ́ta: ti àmì, ti ọ̀rọ̀, àti ti ijó. Kò ní gbogbo ìlù ni ó ń sọ̀rọ̀ ní gbogbo ìgbà. Ìlù kan náà lè sọ̀rọ̀ nísinsìnyí, kí ó fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ láìpẹ́, kí ó gba ọ̀nà ijó lọ. Akin Euba tiwa, ọmọ Èkó, lọ gba oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ ní Legon ní 1974 pẹ̀lú iṣẹ́ ìwádìí lórí orin dùndún. Ẹni tí ó bá ka ìwé tí ó gbé jáde láti inú ìwádìí náà ní 1990 á rí i pé ó yà ohun tí dùndún ń fi ọ̀rọ̀ ṣe sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí ó ń fi orin ṣe. Nketia kú ní 2019, Euba sì tẹ̀lé e ní 2020. Àwọn méjèèjì ti ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ kí wọ́n tó lọ. Àwa ni a kò tíì wọlé.

Ẹ jẹ́ kí a tún òwe àgídìgbo gbé yẹ̀ wò pẹ̀lú ojú onímọ̀ èdè. Kò sọ pé òwe ni à ń lù. Ó ní bí òwe, bí òwe. Ọ̀rọ̀ kékeré yìí, bí, ni àwọn lámèyítọ́ máa ń fò kọjá. Ohun tí a fi wé nǹkan kì í ṣe nǹkan náà. Àgídìgbo tí a mọ̀ jẹ́ àpótí onírin pẹlẹbẹ tí a ń fi ìka ta. Ohun tí ó ń ṣe jọ ohun tí òwe ń ṣe. Òwe a máa fi díẹ̀ pamọ́, a máa retí kí olùgbọ́ parí rẹ̀, a máa mú ọ̀rọ̀ àtijọ́ bá ọ̀ràn tuntun mu. Orin okùn pẹ̀lú lè ṣe gbogbo èyí láìpe ọ̀rọ̀ kan. Òwe náà tún dárúkọ ẹni méjì: ọlọ́gbọ́n tí ó jó, àti ọ̀mọ̀ràn tí ó mọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ nìkan ni ó wà nínú ìlù náà, ọ̀mọ̀ràn nìkan ì bá tó. Ẹni tí ó jó pẹ̀lú gbọ́ nǹkan, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ó sì fi dáhùn.

Ẹnì kan lè ta kò wá níhìn-ín. Ó lè sọ pé yíya orin sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀rọ̀ jẹ́ àṣà àwọn òyìnbó, àti pé bí a bá fi seperewa sórí pèpéle kí àwọn ènìyàn jókòó jẹ́ẹ́ máa gbọ́ ọ, a ti sọ ọ́ di lúùtù ààfin Dresden. Àtakò yìí ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. A kò fẹ́ kí seperewa fi orin ẹnu sílẹ̀. Atàseperewa tí kò kọrin ti sọ ìdajì iṣẹ́ rẹ̀ nù. Ohun tí à ń wí ni pé ìdajì kejì náà wà, àti pé àwọn tí ó ni ín kò fojú tín-ínrín rẹ̀ rí. Nketia fúnra rẹ̀ kọ Bolga Sonata fún fáólìn àti dùùrù, láìsí ọ̀rọ̀ ẹnu kankan nínú rẹ̀, ó sì fi orúkọ Bolgatanga ní àríwá Ghana pè é. Ní agbègbè yẹn gan-an ni kologo, ohun èlò olókùn méjì, ti gbilẹ̀. Ẹni tí ó lo ọjọ́ ayé rẹ̀ láti ṣàlàyé bí ìlù Akan ti ń sọ̀rọ̀ kò rò pé orin tí kò sọ̀rọ̀ ti kúrò ní Áfíríkà.

Ọ̀rọ̀ kàn wá kan àkọsílẹ̀, ibẹ̀ ni ewu wà. Ní 1817, Thomas Edward Bowdich bá àwọn ikọ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti Cape Coast lọ sí Kumasi ní àkókò Asantehene Osei Bonsu. Nínú ìwé tí ó gbé jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1819, ó ya orí kan sọ́tọ̀ fún orin. Ó ṣe àpèjúwe ohun èlò kan tí ó pè ní sanko, tí gbogbo ẹ̀yà ara rẹ̀ jọ ti seperewa, ó sì kọ orin mélòó kan sílẹ̀ ní ìlànà àwọn òyìnbó. Ó ní òun kò gbójúgbóyà láti fi àmì tí ń gbé ohùn sókè tàbí tí ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ kún ohun tí òun gbọ́. Ọ̀wọ̀ ni ó fi ṣe é, a sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ìwé náà kò sọ fún wa ọwọ́ tí ó ta okùn wo, bẹ́ẹ̀ ni a kò lè ti inú rẹ̀ mọ bí ohùn okùn kan ti jìnnà sí èkejì gan-an. Ó dà bí ìgbà tí a bá kọ igba sílẹ̀ láìsí àmì ohùn: ṣé igba tí í ṣe iye ni, tàbí igbá omi, tàbí ìgbà tí ó ń lọ? Ẹni tí ó bá ti mọ èdè lè rí i fà yọ láti inú gbólóhùn. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n yóò kàn máa méfò ni.

Àwọn atalúùtù ní àkọtọ́ tiwọn, tí wọ́n ń pè ní tablature. Wọ́n fa ìlà, wọ́n sì kọ lẹ́tà sórí rẹ̀ láti fi ibi tí ìka yóò wà hàn. Àléébù tirẹ̀ yàtọ̀ sí ti Bowdich: ó sọ ohun tí ọwọ́ yóò ṣe, ó sì sọ ìgbà tí a ó ta okùn, ṣùgbọ́n kò sọ bí ohùn kọ̀ọ̀kan yóò ti pẹ́ tó kí a tó pa á. Ẹni tí ń ta á lónìí ni yóò pinnu. Pẹ̀lú gbogbo àléébù rẹ̀, àkọtọ́ yìí gba lúùtù là. Kí ọ̀rúndún kejìdínlógún tó parí, àwọn ènìyàn ti ń fi lúùtù sílẹ̀, ìlà àwọn olùkọ́ sì já. Ní ọ̀rúndún ogún ni wọ́n jí i dìde láti inú àwọn ìwé àfọwọ́kọ tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, Dresden àti ibòmíràn. Kódà, iṣẹ́ kan wà tí a ti ń kà mọ́ ti Bach, BWV 1025, tí ó jẹ́ pé ní àwọn ọdún 1990 ni àwọn onímọ̀ rí i pé sónátà lúùtù Weiss ni ó wà nídìí rẹ̀. Ìwé ni ó jẹ́rìí fún Weiss, nígbà tí ẹni tí ó lè jẹ́rìí kò sí láyé mọ́.

Seperewa kò ní irú ẹlẹ́rìí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí gìtá dé etíkun, ó gba ipò rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí Kumasi Trio fi máa lọ gba ohùn orin Yaa Amponsah sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1928, gìtá ni wọ́n gbé dání. Ohun tí kò jẹ́ kí ti seperewa parẹ́ pátápátá ni pé ìka àwọn onígìtá Akan ti jogún ọgbọ́n rẹ̀. Ẹni tí ó bá gbọ́ gìtá Koo Nimo á gbọ́ seperewa nínú rẹ̀, bí a ti ń gbọ́ ohùn ìsàlẹ̀ nínú wẹ́kọ́. Àwa Yorùbá kò gbọdọ̀ fi èyí rẹ́rìn-ín ẹnikẹ́ni. Mólo ti wà nínú sákárà kí gòjé tó gba ipò rẹ̀. Èwo nínú àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga wa ni ó ń kọ́ni ní mólo títa? A kó orin ẹnu àwọn olórin sákárà jọ, a fi kọ ìwé lórí òwe àti oríkì inú wọn. Ìka tí ó ta mólo kò sí nínú ìwé wa.

Nítorí náà, ìbéèrè mẹ́ta ni a fẹ́ kí lámèyítọ́ máa bi ara rẹ̀ bí ó bá jókòó ti atàseperewa tàbí onímólo. Èkínní: kí ni okùn ń ṣe nígbà tí ẹnu dákẹ́, ó ha sì yàtọ̀ sí ohun tí ó ń ṣe nígbà tí ẹnu ń kọrin? Èkejì: ohùn wo ni a ń gbọ́ tí ọwọ́ ti fi sílẹ̀, báwo ni atokùn sì ṣe mú wa rántí rẹ̀? Ẹ̀kẹta: bí ọ̀gá kan bá ta orin kan náà lẹ́ẹ̀mejì, kí ni ó yí padà, kí sì ni ó kọ̀ láti yí padà? Ẹni tí ó bá lè dáhùn àwọn ìbéèrè wọ̀nyí ti ṣe lámèyítọ́. Ẹni tí ó bá kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀ ní ọ̀nà tí akẹ́kọ̀ọ́ lè tẹ̀ lé, pẹ̀lú ọwọ́ tí ó ta okùn, bí a ti tò ó, àti ìgbà tí a pa ohùn kọ̀ọ̀kan, ti ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ àti fídíò lè ràn án lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò lè sọ èyí tí ó ṣe pàtàkì nínú ohun tí ó gbà sílẹ̀. Ènìyàn ni yóò sọ ọ́.

Ààyè ṣì wà. Ní Legon, akẹ́kọ̀ọ́ ti jókòó níwájú ọ̀gá, ó ti wo ìka rẹ̀, ó sì ti béèrè ìdí tí ó fi gba ìhín kọjá tí kò gba ọ̀hún. Àwọn tí ó jí lúùtù dìde kò rí irú àǹfààní yìí. Ìwé nìkan ni wọ́n rí bi léèrè, ìwé kì í sì í dáhùn ju ohun tí a kọ sínú rẹ̀ lọ. Bí a bá ń bá a lọ láti máa kọ ọ̀rọ̀ orin sílẹ̀, tí a sì ń fi okùn sílẹ̀, àwọn tí yóò wá lẹ́yìn wa yóò mọ gbogbo ohun tí seperewa sọ, wọn kò sì ní mọ bí ó ti dún.